Ìgò Oyin ní Òkè-Ìlá

Ọjọ́ iwájú ni wọ́n ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Monínúọlá Ọláoyè wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn aláṣẹ yunifásítì ránṣẹ́ sí i pé kó wá la àwọn olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́yẹ̀ nípa bí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ tó yàtọ̀ síra yóò ṣe máa ṣe ìwádìí pọ̀ láwọn ọdún tó ń bọ̀. Ó gbà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nílé wọn ní Adó-Èkìtì, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì ń wò ó títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn. Ọjọ́ iwájú kò wá sí i lọ́kàn rárá. Òkè-Ìlá, àdúgbò bàbá rẹ̀ nínú Adó kan náà, ló ń rò, Òkè-Ìlá ti ìgbà yẹn, nígbà tí ilé alámọ̀ ṣì pọ̀ níbẹ̀, tí àwọn arúgbó ṣì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti mọ ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, tí òun àti ọkùnrin kan tí kò tíì di ọkọ òun ń gbé oyin káàkiri, tí wọ́n rò pé àwọn gbọ́n.

Wọn ò gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè rí bí ọ̀mọ̀wé méjì ṣe kàwé títí, tí wọn ò sì mọ ohun tí ọmọ Èkìtì èyíkéyìí tó ti jókòó síbi ìdána ẹyọ kan mọ̀.

*

Monínúọlá Adéyẹyè ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, ó ń kọ́ni ní ẹ̀ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì, màmá rẹ̀ sì ti ń fi ọ̀rọ̀ ọkọ há inú gbogbo àdúrà, títí kan àdúrà oúnjẹ. Ní tirẹ̀, àwọn arúgbó ló gbà á lọ́kàn. Ó ti kíyè sí i pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, àwọn bàbá àti ìyá láti àwọn àdúgbò àtijọ́ a máa wá síbi ìtọ́jú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn á ti lọ sókè, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì máa ń rò: oorun ò kùn wọ́n, yàrá ń gbóná. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá yàrá ló ń ṣe wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀ nípa yàrá?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélékè, àgbà olùkọ́ tí kì í gbé ohùn sókè, ló bá a wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tí inú bàbá yìí ti ń bàjẹ́ pé àwọn ẹ̀ka yunifásítì ń gbé bí orogún tí kì í kí ara wọn. Ó ránṣẹ́ pe Monínúọlá, ó sì ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ẹ̀ka ìkọ́lé, Dókítà Akínlolú Ọláoyè, ọmọ Ìyìn-Èkìtì. Ó ga, ẹ̀rín sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó wọlé, bí ẹni pé wọ́n ti pa á lẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà.

"Dókítà Ọláoyè," Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélékè wí, "ẹni tí mo sọ fún yín nìyí. Ó mọ ohun tó ń ṣe ara. Ẹ̀yin mọ ohun tó ń ṣe ilé. Ẹ jọ lọ wo àwọn ara tó wà nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn."

"Ilé kì í ní ẹ̀jẹ̀ ríru, sà," Akínlolú fèsì.

"Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ló ní i," Monínúọlá dá a lóhùn, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà yíjú sí i, ó wò ó dáadáa. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ kọ́ mi."

Inú ń bí Monínúọlá díẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn, "ẹ kọ́ mi," bá a délé lọ́jọ́ náà. Kò sí ọkùnrin tó kàwé tó ti sọ ọ́ fún un rí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ páànù òrùlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélékè pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní àwọn aláṣẹ ń wò ó bóyá kí wọ́n kọ́ ilé kan tí oríṣiríṣi ẹ̀ka yóò ti máa ṣe ìwádìí pọ̀, iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì fẹ́ fi dán an wò. "Bó bá bàjẹ́," ó ní, "oníkálukú á padà sí yàrá rẹ̀, èmi á gba ìfẹ̀yìntì, kò sì ní sẹ́ni tó máa tún un dá lábàá mọ́."

*

Òkè-Ìlá ni wọ́n mú. Ọmọ ibẹ̀ ni Monínúọlá, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àti àwọn ìbátan bàbá rẹ̀ ló kún àdúgbò náà, ó sì mọ̀ pé wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún òun. Akínlolú á kan tẹmọ́mítà mọ́ ògiri yàrá, á wọn gíga sílíìnì, á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Monínúọlá á wọn ìfúnpá, á béèrè bí wọ́n ṣe sùn. Ilé àwọn ìbátan yòókù kò burú, ṣùgbọ́n ìlànà iṣẹ́ náà ni pé olùwádìí kò gbọdọ̀ fi òbí tó bí i lọ́mọ ṣe ìwádìí. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń fo ilé bàbá rẹ̀.

Wọn ò fẹ́ máa wọlé àwọn àgbà lọ́wọ́ òfo.

"Ká máa fún wọn ní iyọ̀," Akínlolú dábàá.

"Iyọ̀ kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru la ń wò."

"Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ńkọ́?"

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ronú díẹ̀. "Bàbá mi ń sin oyin lóko wa ní Ìyìn. Ojúlówó ni."

Inú Monínúọlá dùn sí i. Oyin kì í gbé ìfúnpá sókè, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ní pa arúgbó lára. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìgò oyin lọ sí Òkè-Ìlá ní gbogbo Sátidé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹrù ìyàwó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ọmọbìnrin ilé kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgò oyin wà lọ́wọ́ ọkùnrin. Ó tún ń wo ilé láti òkè dé ilẹ̀, ó ń béèrè ibi tí bàbá ń sùn sí. Nọ́ọ̀sì àti ọ̀mọ̀lé ṣàlàyé iṣẹ́ wọn dáadáa ní ilé kọ̀ọ̀kan o, àwọn àgbà sì mi orí sí gbogbo rẹ̀. Wọ́n rò pé ojú ló ń ti àwọn ọmọ náà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ yí ká.

Bàbá Káfíńtà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àgbà, ṣí ìgò náà níṣojú wọn, ó tọ́ ọ wò, ó ní kí àwọn náà tọ́ ọ wò. "Adùn lẹ ó máa bá pàdé," ó wí.

"Àmín," àwọn méjèèjì fèsì, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ọ̀dọ̀ Yèyé Sẹ̀gilọlá ni Monínúọlá fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó pọn bàbá náà dàgbà ni, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé ọwọ́ lé wọn lórí. "Ulé yín á tutù," ó wí.

"Ó máa tutù, Yèyé," Akínlolú dá a lóhùn tọkàntọkàn. "Tí wọ́n bá ti lè gbé sílíìnì sókè díẹ̀, kí wọ́n sì ṣí fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ kejì."

Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn méjèèjì bá a rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ìdí.

Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, Monínúọlá bẹ̀rẹ̀ sí retí Sátidé. Ó ń tan ara rẹ̀ jẹ pé iṣẹ́ ni òun ń retí. Òjò kan wá ká wọn mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yèyé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Akínlolú ń yan àgbàdo lórí ààrò, ó ń yí i, ó ń fi ọwọ́ gbígbóná kan etí ara rẹ̀. Ó ya ìdajì fún un.

"Jẹ ẹ́ kó tó tutù," ó ní.

Títí di ọjọ́ yẹn, "ẹ" ni wọ́n máa ń fi pe ara wọn. Monínúọlá gba àgbàdo náà, kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un. Ó wo òjò. Ó ronú pé tí iṣẹ́ yìí bá parí, kò sí ohun tí yóò tún mú òun àti ọkùnrin yìí pàdé, nítorí ẹ̀ka ìkọ́lé wà lápá kan yunifásítì, ẹ̀ka nọ́ọ̀sì wà lápá kejì. Ó dùn ún.

*

Bàbá rẹ̀ ti ṣe hẹdímásítà ilé ìwé àwọn Àgùdà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀gá Tíṣà ni gbogbo Òkè-Ìlá ń pè é. Lọ́jọ́ kan, ó lọ síbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ní Fájuyì, ni ẹnìkan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Káfíńtà bá na ọwọ́ sí i.

"Ọ̀gá Tíṣà, ẹ kú oríire. Mo gbọ́ pé ẹ ti rí àna. Ọmọ náà mọ̀wà hù, oyin rẹ̀ sì dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Áńgílíkà ni."

Ọ̀gá Tíṣà rẹ́rìn-ín níwájú àwọn èèyàn. Kò ní kí ọkùnrin náà tún un sọ. Ó fi ẹsẹ̀ rìn délé, kò wọ ọ̀kadà, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

"Monínúọlá, ta ni mo jẹ́ sí ọ?"

"Bàbá mi ni yín, sà."

"Tí ọkùnrin bá fẹ́ fẹ́ ọ, ilé ta ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀?"

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí yé e. Ó rí Bàbá Káfíńtà lọ́kàn rẹ̀, tó ń tọ́ oyin wò. Ó rí ẹ̀rín Yèyé. "Bàbá, kì í ṣe bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún yín. Ìwádìí ni. Ara wọn là ń yẹ̀ wò."

"Ẹ dé ilé Káfíńtà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ dé ilé ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí?"

"A débẹ̀."

"Gbogbo ilé tó wà láàárín, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ sì gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá." Ohùn rẹ̀ kò ga. Ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì ni.

"Ìlànà iṣẹ́ ni, sà. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi òbí wa kún un."

"Ìwádìí wo ló ní kí ọmọ má wọlé bàbá rẹ̀?"

Lórí bébà, ìdáhùn náà wà. Níwájú bàbá rẹ̀, kò sí. Bàbá yọ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orókún. "N ò bínú nítorí Áńgílíkà. Fáda lè bá wa sọ ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo ìdílé mi ti rí ọkùnrin yìí, èmi nìkan ló kù tí n ò mọ̀ ọ́n. Máa lọ sùn."

*

Lọ́jọ́ kejì, ó ká Akínlolú mọ́ iwájú ẹ̀ka ìkọ́lé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rò pé yóò yà á lẹ́nu. Akínlolú kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

"O mọ̀," Monínúọlá wí.

"Láti ilé kejì."

"Àti pé o ò sọ fún mi?"

"Wọ́n pè mí ní ọkọ rẹ nígbà tí o jáde lọ gbé àpò. Ó yẹ kí n sọ pé rárá." Ó gbé ojú sókè. "Ó dùn mọ́ mi létí. Mo ní kí n jẹ́ kó dùn mọ́ mi di Sátidé tó ń bọ̀, n ó wá sọ fún wọn. Sátidé dé, mo tún ní di èyí tó ń bọ̀."

Ó bínú sí i. "Orúkọ bàbá mi nìyẹn, Akin. Iṣẹ́ wa nìyẹn."

"Mo mọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Monínúọlá. Kì í ṣe àwáwí, mo kàn ń sọ fún ọ ni."

Ó yí padà, ó lọ. Ó sọkún nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ìbínú sì wà nínú ẹkún náà, ìdùnnú wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì ń mú un bínú sí i. Ó tún ń ṣiyèméjì. Ṣé ọkùnrin tó lè jẹ́ kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa lọ ló yẹ kéèyàn bá gbélé?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélékè gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ó di orí mú. "Àwọn arúgbó yẹn kò ṣílẹ̀kùn fún olùwádìí," ó ní. "Àna ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún. Tí wọn ò bá mọ ohun tí wọ́n gbà, wọn ò tíì gbà á. Ẹ padà lọ sí gbogbo ilé, ẹ sọ òtítọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ kó ẹ̀rọ yín, ẹ kó o. Tí gbogbo wọn bá ní bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tán."

Nígbà tí Monínúọlá délé, ọ̀rọ̀ kan náà ló bá lẹ́nu bàbá rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni n ó mú ọ lọ," Ọ̀gá Tíṣà wí. "Ìwọ ni wàá fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ọkọ rẹ. Lẹ́yìn náà, mi ò fẹ́ rí i ní àdúgbò yìí mọ́."

*

Ọ̀sán ni wọ́n jáde, bàbá níwájú, ọmọ lẹ́yìn. Ilé Bàbá Káfíńtà ni wọ́n kọ́kọ́ dé.

Monínúọlá kúnlẹ̀. Ó ṣàlàyé ìwádìí náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní wọ́n lè yọ tẹmọ́mítà náà kúrò tí bàbá kò bá fẹ́ ẹ mọ́. "Ọkùnrin yẹn, sà, a kàn jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Kì í ṣe ọkọ mi."

"Áà," Bàbá Káfíńtà wí. Ó wo Ọ̀gá Tíṣà, ó wo ọmọ. "Mo ti gbàdúrà tán."

Kò sọ nǹkan mìíràn ju pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kò dí òun lọ́wọ́. Ní ilé kejì, bàbá arúgbó tí wọ́n ń pè ní Onílé-Pupa dìde, ó wọlé, ó gbé ìgò oyin jáde, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé kì í ṣe ti ìdílé, òun ìbá má ti jẹ ẹ́. Ó ń na ìgò náà sí Monínúọlá. Monínúọlá bẹ̀ ẹ́ kó gbé e padà sínú ilé. Lójú ọ̀nà, ojú bàbá rẹ̀ kò dùn mọ́, ó dà bíi pé ohun tó béèrè fún ti ń wúwo lọ́wọ́ òun náà. Ṣùgbọ́n kò dúró.

Yèyé Sẹ̀gilọlá wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá Tíṣà dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

"Mo ń gbọ́," Yèyé wí.

"Yèyé, uṣẹ́ la bá wá, a ò jẹ́ kó yé yín. Ooru inú yàrá yín là ń wò, bóyá òun ló ń da ẹ̀jẹ̀ yín láàmú. Tí ẹ bá ní ká yọ ẹ̀rọ wa, a ó yọ ọ́."

"Jẹ́ ó wà níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe mí." Yèyé na etí. "Ó ku apá kan. Ti ọkùnrin ńkọ́?"

Monínúọlá ya ẹnu. Ó ti sọ ọ́ nílé méjì, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ó rántí òjò, ó rántí àgbàdo àti ọwọ́ tó ń kan etí. Ó mọ̀ pé bàbá òun wà lẹ́yìn òun, àti pé tí òun bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, yóò di òtítọ́.

"Mi ò lè sọ ọ́," ó wí. "Mo fẹ́ràn rẹ̀, Yèyé. Kì í ṣe nítorí ìyẹn la ṣe wá, iṣẹ́ la bá wá lóòótọ́. Àmọ́ mi ò lè wí fún yín pé kì í ṣe ọkọ mi, torí pé ó wù mí kó jẹ́ ọkọ mi. Bàbá, ẹ forí jì mí."

Ọ̀gá Tíṣà dìde, ó gbọn ekuru kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó sì ń lọ sílé láìwẹ̀yìn.

*

Àwọn àgbà yòókù gbọ́ àlàyé tiwọn lẹ́nu Monínúọlá àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélékè, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ń lọ. Nínú ilé, bàbá kò bá ọmọ jà, kò sì bá a sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Akínlolú wá. Kò gbé nǹkan kan dání. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀.

"Dìde," Ọ̀gá Tíṣà wí. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ?"

"Mo fẹ́ fẹ́ Monínúọlá, sà. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín. Ó yẹ kí n la ẹnu, mo dákẹ́."

"Ṣé o mọ ohun tí bàbá ìyàwó máa ń ṣe?" Bàbá kò dúró kó dáhùn. "Òun ló máa ń mú ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ han àwọn èèyàn rẹ̀. Á wọṣọ dáadáa, á ṣíwájú. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí lóbìnrin. Ibi tí ǹ bá mú ọ dé, o ti débẹ̀. O ti mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń sùn sí. Kí ló kù fún mi?"

Monínúọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbọ́ ọ, ó sì yé e nígbà náà pé kì í ṣe ìbínú ló ti wà nínú ilé láti ọjọ́ yìí. Ìbànújẹ́ ni.

"Ẹ mú mi lọ, sà," Akínlolú wí jẹ́ẹ́. "Nígbà tí mo ń lọ sí àwọn ilé yẹn, wọn ò mọ ẹni tí mo jẹ́ ní tòótọ́."

"Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín."

Màmá Monínúọlá, tó jókòó sí igun kan tó ń ṣa ẹ̀wà, gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ kí Yèyé. Ó so gèlè, ó jáde, ọjọ́ sì ti rọ̀ kó tó dé.

*

Gbọ̀ngàn náà kún lọ́jọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Monínúọlá Ọláoyè sọ̀rọ̀. Inú ilé ìwádìí alájọṣe tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélékè fẹ́ rí ni gbọ̀ngàn náà wà. Ó sọ fún àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ náà pé àwọn ilé tí wọ́n gbé sílíìnì wọn sókè lẹ́yìn ìwádìí yẹn tutù, àwọn tó ń sùn nínú wọn sì sùn dáadáa. Ó sọ pé ní tòun, iṣẹ́ ọjọ́ iwájú kò ní wà lọ́wọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo, nítorí kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìyà ń gbà jẹ èèyàn.

Ọmọbìnrin kan láti ẹ̀ka ọ̀gbìn, Oore-ọ̀fẹ́ lorúkọ rẹ̀, na ọwọ́ sókè. "Mà, tí àwa láti ẹ̀ka méjì bá fẹ́ wọ àdúgbò kan lọ ṣiṣẹ́, níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ sí wọn kí ẹ tó wọlé," ó fèsì. "Tí kò bá yé wọn, ẹ padà lọ. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti padà lọ."

Akínlolú wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó ń wò ó. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n wọn ìfúnpá wọn nígbà yẹn ti lọ. Ibi tí ilé Bàbá Káfíńtà wà ti di ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá Tíṣà náà ti jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Monínúọlá sọ gbogbo nǹkan fún àwọn ọ̀dọ́ náà àyàfi ọjọ́ Àìkú kan, torí pé tirẹ̀ ni, kò sì dá a lójú pé ohùn òun á dúró.

Lẹ́yìn Máàsì ni. Ọ̀gá Tíṣà wọ agbádá aṣọ òfì tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣíwájú, Akínlolú tẹ̀ lé e, Monínúọlá àti màmá rẹ̀ wà lẹ́yìn. Èjìká bàbá le. Monínúọlá mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń dúró dè, ó sì ń gbàdúrà nínú ọkàn pé bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n jẹ́ kó kọjá kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá Káfíńtà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọ̀gá Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Àlejò wo lẹ mú bọ̀ yìí?"

Ọ̀gá Tíṣà dúró. "Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀ ọ́n? Bóyá ojú mi ló ń dà mí láàmú, àmọ́ mi ò rí i rí." Ó bojú wo Akínlolú, ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó béèrè ìlú rẹ̀. Lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan ti fi kàlẹ́ńdà bo tẹmọ́mítà.

Monínúọlá yíjú sí màmá rẹ̀. Màmá rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀.

Nílé Onílé-Pupa, bàbá arúgbó náà ní òun ò ní ojúlùmọ̀ kankan ní Ìyìn, ó wá béèrè bóyá oko wà níbẹ̀. Akínlolú ní oko wà, sà. Bàbá náà ní inú òun dùn láti mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ láti ilé dé ilé. Gbogbo wọn ni kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì sí ẹni tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú wọn. Díẹ̀díẹ̀, èjìká Ọ̀gá Tíṣà rọlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń là sí i, ó ti ń di agbádá rẹ̀ mú bí àwọn bàbá ìyàwó ṣe ń dì í mú.

Ilé Yèyé ló kẹ́yìn. Ìyá arúgbó náà ti wọ aṣọ ìjọ́sìn. Akínlolú dọ̀bálẹ̀, obìnrin tó ti bá a jẹ àgbàdo, tó ti gbé ọwọ́ lé e lórí, wò ó láti òkè dé ilẹ̀ bí àjèjì.

"Yèsí nì yí?" ó bi àbúrò rẹ̀. "Yèsí ùwọ mú wọ ulé mi?"

Ọ̀gá Tíṣà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ́. Ó mọ̀. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó sì fi nu ojú.

"Akínlolú Ọláoyè lorúkọ rẹ̀," ó wí. "Òun ni Monínúọlá wa fẹ́ fẹ́. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, torí pé kò tíì débí rí. Èmi ni mo mú un wá."